Ẹsẹ Kejì Orin Onífèrè

Báàtìrì rédíò ni mo lọ rà ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ náà, mo sì ti búra kí n tó kúrò nílé pé n ò ní ra nǹkan mìíràn. Mo ti rà á, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Mùtíù, ọkùnrin tó máa ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn awakọ̀, nígbà tí fèrè kan jáde látinú sípíkà rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró kí n tó ní kó dúró. Fèrè náà kò pariwo. Ó kàn wọlé jẹ́jẹ́, ó mú ohùn kan, ó fà á títí, ó wá já a sílẹ̀ níbi tí èèyàn kò retí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó máa ń já ohùn fèrè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni náà kò sì mọ̀ pé wọ́n bí mi.

Mo bi Mùtíù pé orin ta nìyẹn. Ó ní orin fíìmù Íńdíà ni, pé tuntun ni, ó sì bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé ṣé Màmá náà ń gbọ́ Íńdíà ni. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ tó mọ ìyá rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ Íńdíà. Mo ní kó wá gbogbo ohun tí bàbá olórin yẹn ṣe láìpẹ́ yìí jáde, kó kó o sínú fóònù mi. Àwo orin mẹ́ta ló rí, ti fíìmù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tún fi fídíò díẹ̀ kún un, ó ní ènì ni. Báàtìrì tí mo bá wá sí Bẹẹrẹ, orí káńtà rẹ̀ ni mo gbàgbé rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, tí ẹ ń wo Íńdíà lórí tẹlifíṣàn láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọ́n ti bá yín tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ń tìtorí ìyàwó tí ìyá ọkọ ń fìyà jẹ sunkún títí ẹ̀wà fi ń jóná lórí iná, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń gbọ́ Íńdíà fún yín. Gbígbọ́ ni mo wí o. Àwa kì í wò ó.

Tíṣà ni bàbá mi, òun náà ló sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kúdẹtì. Ṣùgbọ́n ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí màmá mi, ní Bẹ́yẹrúnká. Kúdẹtì ni mo ti ń kọ́ katikísìmù, Bẹ́yẹrúnká ni mo ti ń jí jẹ sààrì lóṣù ààwẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ ò ní bi mí bó ṣe ṣeé ṣe. Gbogbo Sátidé àti gbogbo ọlidé, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá màmá mi, ni mo wà. Agboolé rẹ̀ gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan, ó máa ń ní òórùn ọṣẹ dúdú àti ti èéfín igi, adìẹ á sì máa yé ẹyin sábẹ́ àga àlejò. Ìyá Àgbà kì í lé wọn. Ó ní àlejò wo ló wá tó adìẹ.

Yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ ni Sáfú ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Sáfúrátù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó fi oṣù mẹ́rin jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ níjọ́ kan. Sáfú kò lọ sílé ìwé bíi tèmi. Ilé kéwú ló ń lọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ Aáfà tó ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa. Ṣùgbọ́n orí tí Ọlọ́run fún ọmọ yẹn! Orin tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Èmi ọmọ olùdarí akọrin, tí bàbá mi ń fi ọ̀pá lu tábìlì fún kí n lè mọ ohùn, n óò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà, n óò sì tún ṣì í. Ọmọ Tíṣà ló ń pè mí. Nígbà tó bá sì fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ọmọ Tíṣà, o tún ti kọ ọ́ wọ́ o."

Ilé sinimá kan wà nísàlẹ̀ Mápó nígbà náà, béèyàn bá ń lọ sí Ọjà'ba. Ní ọ̀sán Sátidé, Íńdíà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀lẹ àti jàǹdùkú nìkan ní ń lọ síbẹ̀. Ìyá Àgbà ní ejò pọ̀ jù nínú fíìmù wọn, pé ọmọbìnrin tó bá ń wo ejò kò ní bímọ bọ̀rọ̀. Ẹ̀rí méjì tó yàtọ̀ síra, ìdájọ́ kan náà: a ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ó dáa, a ò wọlé. Ẹ̀yìn ilé náà la lọ jókòó sí, níbi tí ògiri ti ní ihò ihò lókè fún afẹ́fẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú, àti gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ, orí wa ló ń bọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ká má gbọ́.

Bí a ṣe ń gbádùn ara wa nìyẹn. Ìlù á yára, a ó mọ̀ pé ìjà dé. Obìnrin á sunkún, àwọn ọkùnrin tó wà nínú náà á dákẹ́, a ó mọ̀ pé ìyá ẹnìkan ti kú. A ó wá fúnra wa hun ìtàn tó kù. Sáfú ní ń pín ipò fún wọn: ẹni tó ń fi ohùn wúwo sọ̀rọ̀ yẹn, òun ni bàbá burúkú, ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, òun ni wọ́n fẹ́ fún un. Nígbà tí mo dàgbà tí mo rí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn, orin tí èmi àti Sáfú ti gbà pé ìyá tó ń kú ló ń kọ ọ́, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò pípọ́n ló ń kọ ọ́, tó ń sáré yí igi ká. Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Títí dòní, ìtàn tiwa ni mo fara mọ́.

Láàárín gbogbo orin wọ̀nyẹn, àwọn kan wà tí fèrè máa ń wọnú wọn bí mo ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn. Èmi tí mo mọ̀wé ni mo lọ ka ìwé gàgàrà tí wọ́n lẹ̀ síwájú ilé sinimá, mo sì rí i pé orúkọ ẹnì kan náà ló wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ṣe orin sí. Orúkọ náà gùn, ó sì le. Sáfú gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká pè é ní Onífèrè, kálukú á lọ sílé rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni Onífèrè nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Àwa méjì yìí, tí a kò tíì pé ọdún méjìlá, ni olólùfẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Bẹ́yẹrúnká.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àwo orin mẹ́ta rẹ̀ tuntun, nítorí bí mo ṣe dé ilé mi ní Òkè Bọ́lá, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Tíṣà ni èmi náà fi ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, n ò sì lè gbọ́ nǹkan kí n má fún un ní máàkì. Mo mú bébà, mo mú báírò pupa, mo jókòó sí fàráńdà.

Àkọ́kọ́, fíìmù àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi mọ́tò sá eré àsápajúdé ni. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Olúwa mi! Ìlù ẹ̀rọ ló gba iwájú, òun náà ló gba ẹ̀yìn, ó ń gbá kìkì bí ẹni ń gún iyán tí kò sí iṣu nínú odó. Ọmọbìnrin tó ń kọrin níbẹ̀, ẹ̀rọ ti gba ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, èèyàn ò lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí òtútù ń mú un. Nínú orin kẹfà nìkan, fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ náà dákẹ́, fèrè sì sọ gbólóhùn kan. Ó dà bí ìgbà tí bàbá arúgbó yọjú láti yàrá láti kí àlejò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó padà wọlé. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Mẹ́rin yẹn gan-an, ojú àánú ni.

Èkejì sàn. Ti ìgbéyàwó abúlé kan ni, ìlù aláwọ tí wọ́n fọwọ́ lù ló sì wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkan ń dá, àwọn yòókù ń gbè, bíi wákà àwọn ìyá wa gẹ́lẹ́. Mo jó sí i nígbà tí mo ń gbálẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orin kẹta inú rẹ̀, mo mọ bàbá rẹ̀. Orin àtijọ́ kan ni Onífèrè wọ aṣọ tuntun fún. Ẹni tó ti ń dáná láti ọjọ́ yìí wá, kò burú kó gbé ọbẹ̀ àná kaná, kó ṣá má sọ fún wa pé òní ló sè é. Àwo náà sì ti gùn jù. Mo fún un ní méje.

Ẹ̀kẹta ni mo wá gbọ́ gbẹ̀yìn. Fíìmù nípa bàbá arúgbó kan tó ń wọ rélùwéè padà sí ìlú tí wọ́n ti bí i ni. Orin mẹ́fà péré ni. Mo gbà pé Onífèrè ti sọ fún àwọn ọmọdé onímáṣíìnì yẹn pé kí wọ́n jáde lọ ṣeré. Ó ti kó gbogbo ẹrù kúrò nílẹ̀. Èèyàn ń gbọ́ èémí olórin kó tó lanu. Àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbọ́ èdè yìí, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí orin kejì parí, mo rí i pé mo ti yọ ìgò ojú mi, mo sì ń nù ún.

Ìgbà tó wá dé orin karùn-ún, fèrè nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò tíì mú ju ohùn mẹ́rin lọ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Orin tí èmi àti Sáfú fẹ́ràn jù lẹ́yìn ògiri ni. Nígbà èwe wa, ó máa ń sáré bí ọmọdé tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó. Ní báyìí, Onífèrè ti dẹ̀ ẹ́, ó fi ń rìn, ó ń dúró mí, ó tún ń rìn. Mo di báírò mú títí orin náà fi parí, n ò kọ nǹkan kan. N ò lè fún orin yẹn ní máàkì. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní Bẹ́yẹrúnká ìgbà náà, tí ọmọ kéwú bá ti ka Kùránì tán, wọ́n á ṣe wòlímọ̀ fún un. Wọ́n á wọ aṣọ funfun fún un, ará ilé àti ará ọ̀nà á pé jọ, á kà níbẹ̀ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin, lẹ́yìn kíkà, òun fúnra rẹ̀ á dá wákà kan, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì gbè é. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ohùn orin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ládùúgbò. Orin àlòkù kì í ṣe orin wòlímọ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá dá orin tó dára, ọdún márùn-ún ni wọn yóò fi máa kí i lọ́jà.

Sáfú mú ohùn orin Onífèrè yẹn. Ta ló máa mọ̀ ọ́n? Àwọn aáfà kì í dé sinimá. Ó fi Yorùbá sí i, ó sì kọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ògiri, kí n lè gbọ́ bó ṣe dùn tó. Ẹsẹ kìíní ní: "Mo kàwé mi, mo kà á dópin, ìyá mi, ẹ bá mi yọ̀." Àwọn elégbè á dáhùn pé: "Ọlọ́run Ọba ló ṣeun, àwa dúpẹ́." Mo ní kó kọ ẹsẹ kejì fún mi. Ó kọ̀. Ó ní ọjọ́ wòlímọ̀ ni n óò gbọ́ ọ, pé bí mo bá gbọ́ ọ ṣáájú, kò ní dùn mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi gúgúrú bẹ̀ ẹ́, ó jẹ gúgúrú náà tán, kò sì kọ ọ́.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe, ọmọ Ìbàdàn nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ìkórè ọmọdé ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ wòlímọ̀ Sáfú. Bàbá mi ní kí kálukú ọmọ akọrin lọ hun orin tuntun wá. Ìwà ìgbéraga ọmọ ọdún mọ́kànlá! Mo jókòó títí, kò sí nǹkan tó jáde lórí mi, orin Onífèrè nìkan ló ń yí níbẹ̀. Mo wá rò ó pé Kúdẹtì lọ́tọ̀, Bẹ́yẹrúnká lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n bá kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló fẹ́ gbé e dé ilé kéwú? Mo mú ohùn náà, mo fi Jésù sí i. "Jésù ló mú iṣu wa ta, àwa dúpẹ́." Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó gbé mi síwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ ìkórè, ó ní ọmọ òun ló hun orin yìí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde jó.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìkórè ni, ìrẹsì sì wà. Gbogbo ọmọ agboolé Ìyá Àgbà ló wá, bí àwa náà ṣe máa ń lọ jẹran ọdún Iléyá lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n gbé orin padà sílé. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ọmọdé kan láti Bẹ́yẹrúnká dé Ìdí Arẹrẹ tí kò máa kọ pé Jésù ló mú iṣu ta. Sáfú nìkan ni kò gbọ́, torí ọ̀sẹ̀ tó bá gbẹ̀yìn, ilé Aáfà ni ẹni tó ń ṣe wòlímọ̀ máa ń wà, tí á máa ka Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi gbọ́. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé ni mo ń gbọ́ ọ, mo sì mọ ọ̀nà ilé Aáfà dáadáa. N ò lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Sáfú wọ funfun, ó kàwé, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Bàbá mi jókòó láàárín àwọn àna rẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Sáfú wá dìde, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá orin. Kí àwọn elégbè rẹ̀ tó lanu, gbogbo ọmọdé tó wà lórí ìjókòó àti lórí ògiri ti dáhùn, tayọ̀tayọ̀, láìní ìkà kankan nínú: "Jésù ló mú iṣu wa ta, àwa dúpẹ́!"

Àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn bojú jẹ́. Aáfà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí orin dúró. Ó ní ṣé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ tí òun kọ́ jí wá síwájú Kùránì. Sáfú ní rárá, pé òun ló hun ún, òun àti Ọmọ Tíṣà. Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ mi. Aáfà, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ibo ni Sáfú ti rí orin náà. Bàbá mi ń wò mí. Bí mo bá sọ pé sinimá ni, ayé mi ti bàjẹ́; bí mo bá sọ pé Sáfú ló ni ín, gbogbo ìjọ á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Mo ní, "N ò mọ̀, sà."

Sáfú wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ó ká ìbòrí rẹ̀, ó wọlé lọ. Kò kọ ẹsẹ kejì. Ọdún yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n sì mú èmi lọ sí ilé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ibẹ̀. A ò dágbére.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé mo wá a tì. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbọ́ pé ó ti padà sí Bẹ́yẹrúnká, pé ó ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wa àtijọ́. Mo ti ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ sí òkú àti sí ìkómọ, n óò sì máa wo òdì kejì bí ẹni ń wá ilé kan. Mo mọ ilé. Ojú ló ń tì mí.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé orin karùn-ún, mo wọ bàtà mi tó rọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mápó, mo fi ẹsẹ̀ rìn. Ilé sinimá náà ti di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù dí ihò òkè ògiri. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ méjì ń wo fíìmù lórí fóònù kan náà, ẹnìkan fi etí kan gbọ́, ẹnì kejì fi etí kejì gbọ́. Inú mi dùn sí wọn, n ò mọ ìdí rẹ̀.

Sáfú wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túká. Ó ti sanra, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Alhaja." Ó gbójú sókè wò mí.

"Ọmọ Tíṣà," ló wí. "Ta ni ò ń pè ní Alhaja?"

Gbogbo ohun tí mo ti tò sọ́kàn láti Òkè Bọ́lá ló dàrú. Mo kàn ń sọ ọ́ wótowòto ni, pé èmi ni mo gbé orin náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ láti ọjọ́ Ajé, pé mo mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún mọ ohùn yẹn, yàtọ̀ sí èmi àtìwọ? Orin kọ́ ló dùn mí. Onífèrè ló lorin. 'N ò mọ̀' tí o sọ yẹn ni."

Mo ní kó dárí jì mí. Adìẹ kan jáde lábẹ́ àga, ó gba àárín wa kọjá. Nígbà tó pẹ́, mo ní kí n sọ òótọ́ tó kù, bó ti wù kó rí: mo sọ fún un pé títí dòní ni wọ́n ṣì ń kọ orin náà ní Kúdẹtì ní gbogbo ìkórè, pé wọ́n ń pè é ní orin àwọn bàbá wa. Sáfú di ẹnu mú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìbòrí nu ojú, ó ní orin Íńdíà, orin àwọn bàbá wọn, Ọlọ́run má ṣàì foríjì wá. Ìgbà náà ló wá ní kí n sún mọ́ òun lórí ẹní.

Mo sọ fún un pé Onífèrè ṣì wà láyé, pé ó tún orin wa kọ. Mo yọ fóònù. Fídíò tí Mùtíù fi ṣe ènì ni mo ṣí, àwòrán bàbá arúgbó kan sì jáde, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé rélùwéè. Fèrè wọlé. Sáfú na ọwọ́, ó gbé fóònù náà, ó sì da ojú rẹ̀ dé orí ẹní.

Ó ní, "Ìgbà wo la wò ó rí?"

Báyìí ni a ṣe jókòó, àwa ìyá àgbà méjì, tí a gbé ẹ̀yìn ti ògiri, tí a ń gbọ́. Ó ṣe mí bí ẹni pé òkè orí wa lorin náà ti ń bọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti lọ ní Bẹ́yẹrúnká: Ìyá Àgbà ti lọ, Aáfà ti lọ, bàbá mi lọ láìmọ̀ pé orin sinimá ló ń darí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Onífèrè náà ti darúgbó, èèyàn ń gbọ́ ọ nínú èémí fèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó máa ń já ohùn sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló ṣì ń já a sí. Nígbà tó dé ibẹ̀, èmi àti Sáfú mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìwo ara wa.

Sáfú kò dúró kí orin náà parí. Ó pa ojú dé, ó sì dá a, pẹ̀lú ohùn tó ti gbó, ẹsẹ kejì tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

"Ẹni tí a jọ dúró lẹ́yìn ògiri, Ọlọ́run, má jẹ́ ká pínyà."

Ó lajú, ó ń retí. Kò sí ẹlòmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tó mọ ègbè rẹ̀. Mo gbè é. Mo kọ ọ́ wọ́, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ wọ́, ṣùgbọ́n mo gbè é.

"Ọlọ́run Ọba ló ṣeun, àwa dúpẹ́."